Ọ̀bẹ Nìkan Kò Tó

Bí ọ̀bẹ bá la ara, bí abẹ́rẹ́ bá gún un, bí iná bá jó o, kíá ni ara yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tún ojú ibẹ̀ ṣe. Lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, iṣẹ́ náà a parí láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ojú ọgbẹ́ a pa dé, àpá a sì kù síbẹ̀ pẹlẹbẹ, tí ẹni tó ni ín pàápàá yóò gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà láàárín wa tí ara wọn kì í dáwọ́ dúró. Ọgbẹ́ ti jinná tán, àpá ṣì ń ga sí i. Ó ń ga, ó ń fẹ̀, ó ń le, títí yóò fi kọjá ibi tí ọgbẹ́ dé gan-an, tí yóò sì máa jẹ lọ sínú awọ tí ohunkóhun kò ṣe rí. Èyí ni àwọn dókítà ń pè ní kélọ́ìdì.

A mọ̀ ọ́n dáadáa ládùúgbò wa. Òun ló wà létí ọmọbìnrin tó lọ lu ihò kejì sí etí nígbà tó wọ yunifásítì, tí ihò náà di kókó méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, tó fi jẹ́ pé láti ìgbà náà, bó bá ń wé gèlè, ó ní láti fà á wálẹ̀ bo etí. Òun ló wà láyà ọkùnrin tí irorẹ́ kékeré kan yọ sí lágbede méjì àyà, tó tẹ̀ ẹ́, tó sì gbàgbé rẹ̀. Ó máa ń wà léjìká níbi tí wọ́n ti gún abẹ́rẹ́ àjẹsára, ó máa ń wà lábẹ́ àgbọ̀n tí wọ́n ń fá ní gbogbo ìgbà, ó sì máa ń wà lójú ibi tí wọ́n là láti fi gbé ọmọ jáde nínú ìyá rẹ̀.

Ẹni tí kò ní in lè rò pé ẹwà nìkan ló bà jẹ́. Kélọ́ìdì máa ń yún. Inú lọ́hùn-ún ni ìyún náà wà, èékánná kì í dé ibẹ̀, òru ló sì máa ń le jù. Ó máa ń ta bí aṣọ bá fara kàn án. Okùn kọ́mú ń fìyà jẹ obìnrin tó ní in léjìká, ẹni tó ní in léjìká méjèèjì kò sì mọ ẹ̀gbẹ́ tí yóò fi lélẹ̀ bó bá fẹ́ sùn. Ojú tí àwọn ènìyàn fi ń wò ó nínú ọkọ̀ èrò tún ṣẹ̀kẹta. Nítorí náà, nígbà tí mo bá ń yin àwọn tó ń tọ́jú àpá yìí, mi ò fi ti ẹwà ṣe ohun kékeré, mo sì ń rántí oorun tí aláìsàn ń pàdánù pẹ̀lú.

Oríṣi àpá méjì ló máa ń wú, ó sì ṣe pàtàkì kí a mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Ọ̀kan wà tó máa ń ga, tó máa ń pọ́n, ṣùgbọ́n tí kì í kọjá ààlà ọgbẹ́ tó bí i. Bí oṣù ti ń gorí oṣù, òun fúnra rẹ̀ lè máa rọ̀, kó máa wálẹ̀, nígbà mìíràn láìsí oògùn kankan. Kélọ́ìdì ni èkejì, kì í sì í fúnra rẹ̀ wálẹ̀. Ó lè dúró jẹ́ẹ́ fún ọdún méjì kó tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ awọ ni pé àwọn sẹ́ẹ̀lì tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti ṣe okùn tín-ínrín tó ń di awọ mú, èyí tí à ń pè ní kọ́lájìnì, kò jáwọ́ nígbà tó yẹ kí wọ́n jáwọ́. Wọ́n dà bí bíríkìlà tí a ti kó jáde ní ilé tó ti parí, tó tún padà wá lóru láti máa to búlọ́ọ̀kù lé orí búlọ́ọ̀kù. Ohun tó burú nínú rẹ̀ kò ju àṣejù lọ. Kélọ́ìdì kì í ṣe jẹjẹrẹ, kì í ran ẹlòmíràn, kì í sì í ṣe àmì pé ẹnì kan dẹ́ṣẹ̀.

Àwa aláwọ̀ dúdú ló máa ń ṣe jù, ní ìlọ́po ìlọ́po ju àwọn òyìnbó lọ, láàárín ọmọ ọdún 10 sí 30 ni ó sì sábà máa ń yọ. Ó ń rìn nínú ẹbí. Bí ìyá bá ní in, kí ọmọ ronú dáadáa kó tó lu etí tàbí kó tó kọ nǹkan sí ara. Àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà tilẹ̀ rí i pé nínú ẹbí tó ní in, àwọn tí wọ́n lu etí wọn kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún 11 kì í sábà ní kélọ́ìdì bí àwọn tó dúró di ìgbà tí wọ́n dàgbà. Àwọn ìyá wa tí wọ́n ń lu etí ọmọbìnrin nígbà tó ṣì wà lọ́wọ́ ti ń ṣe ohun tó dáa láìmọ̀.

Ó dá mi lójú pé àwọn baba ńlá wa kò ṣàjèjì sí ọ̀ràn yìí. Ilẹ̀ tó máa ń kọ àbàjà, pẹ́lẹ́ àti gọ̀ǹbọ́ sí ojú ọmọ láyé àtijọ́ kò lè ṣàìmọ bí awọ ṣe ń jinná. Olóólà mọ bí abẹ yóò ṣe jìn tó, ó mọ ìgbà tí wọ́n ń ro omi ìgbín sí ojú ọgbẹ́, ó sì rí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ojú nínú ayé rẹ̀ ju bí dókítà mìíràn ṣe rí lọ. Bí ilà tí wọ́n kọ sójú ṣe ń jinná pẹlẹbẹ lára ọ̀pọ̀ ènìyàn bá ìmọ̀ òde òní mu pẹ̀lú, nítorí àárín ojú kì í sábà hu kélọ́ìdì bí àyà, èjìká àti etí ti ń hù ú. Ní 1973, Dókítà P. Omo-Dare kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé àtìgbàdégbà ẹgbẹ́ àwọn dókítà aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, lórí ohun tí Yorùbá fi kún ìmọ̀ nípa kélọ́ìdì. Ohun tó sọ ni pé àwọn Yorùbá ti fi àpá tó wú yìí hàn lára ère tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún kí àwọn ará Yúróòpù tó fún un lórúkọ. Jean-Louis Alibert, dókítà awọ ní ilé ìwòsàn Saint-Louis ní Paris, ló kọ nípa rẹ̀ ní 1806, ó sì kọ́kọ́ rò pé ó bá jẹjẹrẹ tan kó tó yí èrò padà. Àwọn tó ń ṣe ère nílẹ̀ wa wò ó, wọ́n sì ṣe é bó ṣe rí. Ó wù mí kí àwọn ọmọ wa tó ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn mọ orúkọ Omo-Dare bí wọ́n ṣe mọ ti Alibert.

Ẹni tó bá ní kókó létí, ohun àkọ́kọ́ tí yóò wá sí i lọ́kàn ni pé kí wọ́n gé e kúrò. Èrò náà bọ́gbọ́n mu, òun gan-an ló sì ti kó ọ̀pọ̀ ènìyàn sí ìyọnu. Ọgbẹ́ ló bí kélọ́ìdì, ọgbẹ́ tuntun sì ni ọ̀bẹ ń dá sí i. Ìwádìí lóríṣiríṣi fi hàn pé bí wọ́n bá gé e láìfi ìtọ́jú mìíràn tì í, láti 45 dé 100 nínú ọgọ́rùn-ún ló tún ń hù padà, èyí tó tún hù sì lè tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo ti rí etí tí wọ́n fi òwú so kókó rẹ̀ nílé títí ó fi já bọ́, àti èyí tí wọ́n da ásíìdì bátìrì sí. Ohun tó yọ lẹ́yìn rẹ̀ kò ṣe é fẹnu sọ. Ó dùn mí, nítorí àwọn tó ṣe bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òpè. Wọ́n ti lọ sọ́dọ̀ ẹni tó gé e fún wọn nígbà kan rí, ó padà, wọ́n sì gbà pé kò sí ohun tí ilé ìwòsàn lè ṣe.

Abẹ́rẹ́ ló yí ọ̀rọ̀ náà padà. Sítẹ́rọ́ìdì tí wọ́n ń gún sínú kélọ́ìdì jẹ́ ìbátan ohun kan tí ara wa fúnra rẹ̀ ń ṣe nínú ẹṣẹ́ kékeré méjì tó jókòó lórí kíndìnrín. Ní oṣù Kẹsàn-án 1948, ní Mayo Clinic ní ìpínlẹ̀ Minnesota, Philip Hench àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gún ohun yìí, tí wọ́n ń pè ní cortisone, fún obìnrin kan tí làkúrègbé ti dè mọ́lẹ̀, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó ń rìn. Hench, Edward Kendall àti Tadeusz Reichstein gba ẹ̀bùn Nobel fún iṣẹ́ náà ní 1950. Ṣùgbọ́n oògùn náà wọ́n bí ojú, torí òróòro màlúù ni wọ́n ń lò láti ṣe é, ìgbésẹ̀ rẹ̀ sì gùn lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Àwọn tó sọ ọ́ di ohun tí ọwọ́ gbogbo ènìyàn lè tó ni mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn yìí. Ọ̀kan ni Percy Julian, aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí sí Montgomery ní Alabama ní 1899, ọmọ ọmọ àwọn tí wọ́n fi ṣe ẹrú. Ó rí ọ̀nà láti inú ẹ̀wà sóyà, ní 1949, sí ohun kan tí wọ́n ń sọ di cortisone. Ọ̀nà kejì gba inú isu kọjá. Russell Marker ti lọ sí Mẹ́síkò, ó wa isu ìgbẹ́ tó ń hù lórí òkè níbẹ̀, ó sì rí i pé èròjà inú rẹ̀ ṣe é sọ di irú oògùn báyìí. Ní 1952 àwọn onímọ̀ ilé iṣẹ́ Upjohn lo ohun kan tó bá èyí tó ń mú búrẹ́dì bu tan láti parí apá tó ṣòro jù nínú iṣẹ́ náà. Isu Mẹ́síkò kì í ṣe isu tí à ń gún níyán, ṣùgbọ́n ẹbí kan náà ni wọ́n, inú mi sì máa ń dùn bí mo bá rántí pé isu wà lára ohun tó sọ oògùn yìí di púpọ̀.

Láti àwọn ọdún 1960 ni àwọn dókítà ti ń gún irú oògùn yìí tààrà sínú kélọ́ìdì. Èyí tí wọ́n ń lò jù ni triamcinolone. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pàṣẹ fún àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe kọ́lájìnì kí wọ́n rọra, kó sì jẹ́ kí ara máa tú èyí tí wọ́n ti kó jọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàpèjúwe bí wọ́n ṣe ń gún un, torí níbẹ̀ ni ọgbọ́n ọwọ́ wà. Oògùn funfun ni, nínú ìgò kékeré, ó sì máa ń sílẹ̀ sí ìdí ìgò bí wọ́n bá gbé e kalẹ̀, nítorí náà nọ́ọ̀sì ní láti mì ín dáadáa. Wọ́n lè pò ó mọ́ oògùn tó ń mú ara kú. Mílígíráàmù 10 sí 40 ló máa ń wà nínú mílílítà kan, bí kókó bá ṣe le tó ni dókítà fi ń yan èyí tí yóò lò. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ tín-ínrín, síríǹjì rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí wọ́n ń yí abẹ́rẹ́ mọ́ lẹ́nu bí ìdérí ìgò, torí bí wọ́n bá kàn tì í bọ̀ ọ́ lásán, agbára tí dókítà yóò fi tẹ̀ ẹ́ lè mú un fò jáde. Kélọ́ìdì tí wọn kò tíì gún rí kò gba oògùn tọwọ́tẹsẹ̀. Dókítà yóò tẹ̀ ẹ́ títí àtàǹpàkò rẹ̀ yóò fi máa gbọ̀n, oògùn yóò máa wọlé díẹ̀díẹ̀, kókó náà yóò sì funfun lójú ibi tó dé. Bí oògùn bá ń wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́ nígbà àkọ́kọ́, kò dára. Ó túmọ̀ sí pé abẹ́rẹ́ ti kọjá sí abẹ́ kókó, níbi tí yóò ti jẹ ọ̀rá tó wà lábẹ́ awọ, tí ojú ibẹ̀ yóò sì jìn. Dókítà tó mọṣẹ́ yóò fà á sẹ́yìn díẹ̀, yóò wá inú kókó gan-an.

Ó ń ta. Irọ́ ni ẹni tó bá sọ pé kì í ta. "Àǹtí, ẹ mí dáadáa, ó ti kù díẹ̀," ni nọ́ọ̀sì yóò máa sọ, yóò sì di ọwọ́ aláìsàn mú. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, aláìsàn yóò tún padà wá. Nígbà kejì àti ẹ̀kẹta, ohun kan máa ń yí padà tí aláìsàn mọ̀ kí dókítà tó wọn ohunkóhun: ìyún náà á dín kù, ó ń sùn. Kókó náà á wá rọ̀, oògùn á máa wọ inú rẹ̀ láìjà, gíga rẹ̀ á sì máa wálẹ̀. Fún kélọ́ìdì kékeré tí kò tíì pẹ́, abẹ́rẹ́ yìí nìkan lè tó.

Èyí tó tóbi ló ń fẹ́ ọ̀bẹ, ti etí ni mo sì fi ń ṣàpèjúwe torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti ń dára jù. Kí wọ́n tó gé ohunkóhun, oníṣẹ́ abẹ á fi gègé aláwọ̀ elése àlùkò fa ìlà sí ibi tí ọ̀bẹ yóò gbà. Wọn á gún oògùn tó ń mú ara kú, pẹ̀lú èyí tó ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀, wọn á sì dúró kí awọ ṣì, kí ẹ̀jẹ̀ má baà dí wọn lójú. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò gé kókó náà lódindi, awọ orí rẹ̀ yóò bá a lọ, kò ní sí ohun tí wọn yóò fi bo etí àyàfi kí wọ́n fa etí náà gbòòrò, fífà yìí kan náà sì wà lára ohun tó ń pe kélọ́ìdì padà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò rọra ṣí awọ tín-ínrín orí kókó náà, bí ìgbà tí èèyàn ń ṣí ojú ìwé, yóò wá yọ inú rẹ̀ jáde: ohun funfun, líle, tó ń dán, tí kò ní ẹ̀jẹ̀ púpọ̀. Awọ tó ṣí ni yóò dà padà bo etí, yóò gé èyí tó bá ṣẹ́kù, yóò sì fi òwú nylon tín-ínrín rán an láìfà á le. Wákàtí kan lè máà pé tí gbogbo rẹ̀ fi parí. Ohun tí wọ́n yọ máa ń lọ sí láàbù, torí ó ní àwọn kókó búburú kan tí wọ́n máa ń jọ kélọ́ìdì, mi ò sì gbà kí ẹnikẹ́ni fi ojú lásán dá a mọ̀ kó sì ju ohun tó gé sínú garawa.

Ọjọ́ yẹn etí á mọ́, dígí á dùn ún wò, gbogbo ilé á sì bá aláìsàn yọ̀. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà, torí wọ́n gbà pé iṣẹ́ ti parí. Oníṣẹ́ abẹ mọ̀ pé abẹ́rẹ́ ló kàn. Àwọn mìíràn máa ń gún triamcinolone sí etí ọgbẹ́ lójú ẹsẹ̀, àwọn mìíràn á dúró títí wọn yóò fi tú òwú, nítorí oògùn kan náà tó ń dá kélọ́ìdì dúró máa ń fa ìwòsàn sẹ́yìn, ọgbẹ́ sì lè là. Lẹ́yìn náà, lóṣooṣù, fún bí oṣù mẹ́fà, aláìsàn á máa padà wá gba díẹ̀ lójú àpá náà. Wọ́n tún lè fún un ní yẹtí kan tí wọn kì í fi ṣe ẹ̀ṣọ́, tó ń tẹ etí níwájú àti lẹ́yìn, tí yóò máa wọ̀ ní ọ̀pọ̀ wákàtí ojúmọ́, tàbí abala sílíkónì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ àpá. Nígbà tí mo bá wo gbogbo ìtọ́jú yìí pa pọ̀, ọ̀bẹ ni apá tó yá jù nínú rẹ̀, òun náà ló sì rọrùn jù láti yìn. Iṣẹ́ tí mo ń kan sáárá sí ni ti oṣù kẹta, ti oṣù karùn-ún lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, nígbà tí etí ti dára lójú gbogbo ènìyàn, tí aláìsàn sì tún wọ ọkọ̀ láti Ìkòròdú lọ jókòó fún abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo.

Ti àyà le ju ti etí lọ. Rei Ogawa, oníṣẹ́ abẹ ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Nippon ní Tokyo, ti fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn pé ibi tí awọ ti ń fà ni kélọ́ìdì máa ń tọ̀. Láyà, bí a bá ti ń gbé apá, bẹ́ẹ̀ ni awọ ń fà sọ́tùn-ún àti sósì, ọ̀nà náà gan-an ni kókó náà sì ń nà gbà. Fún irú èyí, àwọn dókítà kan máa ń fi ìtànṣán kún un lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, wọ́n sì sábà ń bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 24. Bí dókítà bá wo kélọ́ìdì àyà tó sọ pé òun kò ní gé e, pé abẹ́rẹ́ lòun yóò máa gún, kí aláìsàn má ṣe bínú. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ẹni tó mọṣẹ́ ló wà.

Oògùn tó lágbára kì í ṣàìní ewu tirẹ̀. Bó bá pọ̀ jù, awọ lè tín-ínrín, iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké lè fara hàn, ojú ibẹ̀ sì lè funfun. Lára aláwọ̀ dúdú, ibi funfun yìí máa ń hàn kedere, ẹni tí a kò kìlọ̀ fún yóò rò pé wọ́n ti ba òun jẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, àwọ̀ a máa padà lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ṣùgbọ́n ó yẹ kí dókítà sọ ọ́ kó tó gbé abẹ́rẹ́. Obìnrin lè rí i pé nǹkan oṣù òun yí padà fúngbà díẹ̀. Kí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ sọ ọ́, torí ṣúgà lè gòkè, kí aláboyún náà má sì fi oyún pamọ́.

Ìtọ́jú yìí kò ní ọjọ́ tí wọ́n ń pa á dé pátápátá. Dókítà tó gbọ́n á máa rí aláìsàn rẹ̀ fún ọdún kan tàbí méjì lẹ́yìn tí ohun gbogbo ti dára. Á fi ìka tẹ ojú àpá bóyá ibì kan ń le, á sì béèrè ìbéèrè kan náà lọ́jọ́ gbogbo: "Ṣé ó tún ń yún yín?" Ìyún lè padà kí kókó tó yọ. Ẹni tó bá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni lọ́jọ́ náà, abẹ́rẹ́ díẹ̀ sí ojú ibẹ̀ lè tó o. Bó bá dákẹ́ títí kókó fi padà, ó ṣeé ṣe kó tún dé abẹ́ ọ̀bẹ.